Ìwé Ètò Ìsìnkú Kan Ló Fẹ́ Tú Ìjọ Wa Ká

Ọ̀rọ̀ yìí ti lé lọ́dún kan kí n tó lè jókòó kọ ọ́. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó kàn, wọ́n ní kí n kọ ọ́ ṣùgbọ́n kí n má dá orúkọ, torí náà mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, Ẹ̀gbọ́n, Àbúrò àti Àbígbẹ̀yìn ni màá máa pè wọ́n. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ará Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń darí kúáyà wa, Àbúrò ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí, òun sì ni igbákejì olórí ẹgbẹ́ obìnrin. Àbígbẹ̀yìn wà ní Port Harcourt pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀.

Ìyá wọn kú lóṣù kejì ọdún tó kọjá, wọ́n sin ín lóṣù kẹta. Ọdún mẹ́fà ni Màmá fi wà lọ́dọ̀ Àbúrò lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá òsì. Ọkọ Àbúrò, Alhaji ni gbogbo wa ń pè é, ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni, ìran àwọn tó tẹ̀ lé Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò l'Ékòó ní 1851 wá síbí. Òun ló ń fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé Màmá lọ hósípítù lóṣooṣù, tí wọ́n bá dé òun náà ló máa gbé e sọ̀kalẹ̀ bí ẹní gbé ọmọ. Tí ọdún Káyókáyó ti àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ bá dé, Màmá á jókòó síwájú ilé àwọn àna rẹ̀, wọ́n á gbé oúnjẹ fún un kí wọ́n tó gbé fún ẹlòmíì. Ẹni tó bá gbé Ẹ̀pẹ́ dáadáa ò ní rí nǹkan ìyanu kankan níbẹ̀, ilé tó pọ̀ níbí ló jẹ́ pé Bíbélì wà nínú yàrá kan, buuta àlùwàlá wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ owó ìsìnkú ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò pé kí kálukú mú 400,000 náírà wá. Bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé owó náà ò tó mọ́, Àbúrò wá lọ yá owó lọ́dọ̀ àwọn alájẹṣẹ́kù inú ọjà, ó fi san 135,000 tí mọ́ṣúárì ń bèèrè àti 90,000 owó ẹlẹ́rìndòdò, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 225,000, Ẹ̀gbọ́n sì ṣèlérí fún un lórí fóònù pé tí wọ́n bá ṣe tán, nínú owó táwọn èèyàn bá fi ta wọ́n lọ́rẹ ni wọ́n ti máa yọ ọ́ fún un. Wọ́n sin Màmá tán. Owó ọrẹ wọlé, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ló wà, títí kan 150,000 tí ìjọ wa fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, kò sọ iye tó wọlé, kò sọ iye tó jáde. Àbúrò bèèrè, Ẹ̀gbọ́n ní ṣé olè lòun jọ lójú rẹ̀ ni. Àbúrò tún bèèrè, Ẹ̀gbọ́n pa fóònù mọ́ ọn létí.

Lóṣù kẹfà Àbúrò lọ sí téṣàn. Wọ́n pe Ẹ̀gbọ́n, ó jókòó sẹ́yìn kàùńtà níbẹ̀ fún wákàtí márùn-ún gbáko kí ẹnì kan tó wá dúró fún un, ọ̀gá kúáyà tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan, iṣẹ́ ilé ẹjọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ ná, kó sì tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn gbogbo ìjọ ti gbọ́.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kúáyà kọ̀, wọn ò kọrin fún ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ obìnrin. Àwọn ọmọ Àbúrò méjèèjì tó wà nínú kúáyà bọ́ aṣọ wọn sílẹ̀ sórí àga, wọ́n jáde. Ẹgbẹ́ obìnrin gan-an pín sí méjì, àwọn kan ní Ẹ̀gbọ́n ti jẹ owó òkú ìyá rẹ̀, àwọn kan ní obìnrin tó fi ọlọ́pàá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò yẹ nípò igbákejì, kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ń ka 1 Kọ́ríńtì 6 mọ́ ọn lórí, pé onígbàgbọ́ kì í gbé onígbàgbọ́ lọ síwájú aláìgbàgbọ́. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú orí kan náà ni Pọ́ọ̀lù ti bi ìjọ yẹn léèrè ní ẹsẹ 5 pé ṣé kò sí ọlọ́gbọ́n kan ṣoṣo láàárín yín tó lè parí ọ̀rọ̀ láàárín ará ni? Ìjọ ló kọ́kọ́ dójú ti Àbúrò. Oṣù mẹ́ta ni Àbúrò fi ń sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé nǹkan ń dun òun, àdúrà la ní kó máa gbà.

Pásítọ̀ wá wàásù lórí ìdáríjì. Nígbà tó parí, ó pe àwọn méjèèjì síwájú pẹpẹ, ó ní kí wọ́n dì mọ́ra wọn. Wọ́n dì mọ́ra wọn. Ìjọ pariwo halelúyà, wọ́n kọrin, èmi náà wà níbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́, pípàtẹ́wọ́ yẹn sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Lọ́jọ́rú Àbúrò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó aṣọ ẹgbẹ́ obìnrin àti kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí lélẹ̀ síwájú Pásítọ̀, ó ní, "Ẹ mú mi parọ́ níwájú Ọlọ́run. Ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ló ṣe mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ Pásítọ̀ lára. Ẹ wo bí a ṣe ṣe é. Mátíù 18 láti ẹsẹ 15 ní kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, àwọn méjì péré, tí ìyẹn ò bá gbọ́ kó mú ẹnì kan tàbí méjì dání, ìgbà tíyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́ ló tó di ọ̀rọ̀ ìjọ. Àwa gbé e lọ síwájú ìjọ láìtíì ní ẹni méjì kankan tó bá wọn jókòó. Pásítọ̀ yan àwa mẹ́ta: èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ tíṣà, Bàbá kan tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti díákónì kan. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ pé díákónì yẹn ò lè bá wa jókòó, torí ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe Ẹ̀gbọ́n ni, bó tiẹ̀ ṣe òdodo Àbúrò ò ní gbà pé òdodo ni. Wọ́n fi arábìnrin ọ̀dọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó rọ́pò rẹ̀.

A ò pe ìpàdé kankan fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ilé la ń lọ. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, Òwe 18 ẹsẹ 17 náà sì sọ ohun tó jọ ọ́, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rojọ́ ló máa ń dà bí olódodo títí ẹnì kejì á fi dé. Ohun tá a kọ́kọ́ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kọ̀rọ̀ ni pé ṣé ẹnì kan ti nà án tàbí ó ti halẹ̀ mọ́ ọn, ṣé ẹ̀rù ń bà á láti bá ẹnì kejì jókòó sí yàrá kan. Mo fẹ́ kí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe irú èyí fi ọwọ́ gidi mú ìbéèrè yìí. Ọ̀rọ̀ lílù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ-jókòó-ká-parí-ẹ̀, ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé láti 2007, ẹni tí wọ́n ń lù nílé, ibi tí wọn ò ti ní lù ú ló ń wá, ká má lọ jókòó tì í ká máa bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. Ti àwọn yìí ò sí nínú ẹ̀, a dúpẹ́. A tún jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kọ́ ló wà: Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń bá èèyàn làjà lọ́fẹ̀ẹ́, kóòtù Small Claims tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2018 sì ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí ò ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Bàbá ní tí wọ́n bá rò pé kò sí ibòmíì tí wọ́n lè lọ, ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ wa ò ní jẹ́ ìfẹ́ inú wọn.

Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ gbọ́ wa. Ó ní ká lọ ka Lúùkù 12, ẹnì kan ní kí Jésù bá òun sọ fún arákùnrin òun kó pín ogún, Jésù ní ta ló fi òun jẹ onídàájọ́ tàbí olùpín ogún lórí wọn. Bàbá rọra dá a lóhùn, ó ní, "Ọ̀gá akọrin, ẹnì kan ṣoṣo ló lọ bá Jésù níbẹ̀, ó fẹ́ kó gbè é lẹ́yìn lu ẹnì kejì. A ò wá dájọ́ fún yín. A kàn fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ra yín ni." Ó dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó lójú láti ẹnu ọ̀nà kíṣínì, èmi rí i pé ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

Nígbà kejì tá a lọ ló tú u sílẹ̀. Wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́ láti oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́rin kí Màmá tó kú. Gbogbo àárọ̀ ló ń wọ aṣọ iṣẹ́ jáde kí àwọn aládùúgbò má bàa mọ̀, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Nínú 400,000 tó yẹ kó mú wá, 250,000 péré ló rí, owó ọrẹ ló fi dí àlàfo 150,000 tó kù. Kò jẹ owó kankan, inú ìsìnkú náà ni gbogbo ẹ̀ bá lọ, ṣùgbọ́n tó bá ṣírò rẹ̀ síta gbogbo ayé á rí i pé òun tóun jẹ́ àkọ́bí lòun ò mú owó tòun pé. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ká má sọ fún Àbúrò.

Ibí ni iṣẹ́ yìí ti le jù. Ohun tí ẹnì kan bá sọ fún wa ní kọ̀rọ̀, a ò gbọdọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ní ká gbé e, a ti ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé tí Àbúrò bá gbọ́ ọ, ìdajì ìbínú rẹ̀ á lọ. Mo lọ ra ẹja ní Olúwo lọ́sẹ̀ yẹn, ó rí mi, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní, "Màmá Tíṣà, ṣé ó ti jẹ́wọ́?" Mo ní kó bá mi ṣa ẹja tó bá dáa. Nǹkan mìíràn ò ti ẹnu mi jáde, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà sùn lọ́jọ́ tó pọ̀. Ohun tá a lè ṣe ni pé ká máa padà sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ká máa bi í pé kí ló rò pé àbúrò òun á ṣe tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Ìgbà kẹrin ló tó gbà.

Ti Àbúrò wá ńkọ́? Gbogbo wa rò pé owó ni. Mo bi í pé tí wọ́n bá fún un ní 225,000 lónìí ṣé á padà wá sí ẹgbẹ́ obìnrin, ó ní rárá. Ó wọ yàrá lọ, ó mú Bíbélì rẹ̀ jáde, ó yọ ìwé ètò ìsìnkú Màmá tó ká sáàárín rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí itan mi. Ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ olóògbé sí: Ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó rẹ̀, Àbígbẹ̀yìn àti ìyàwó rẹ̀. Àbúrò dá wà, orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n kọ tì í, bí ẹni tí ò lọ́kọ rí. Orúkọ Alhaji ò sí níbì kankan nínú ìwé náà. Èmi náà gba ìwé yìí lọ́jọ́ ìsìnkú, mo fi fẹ́ ara mi lábẹ́ kánọ́pì, mi ò rí nǹkan kan.

A lọ kí Alhaji lóun nìkan. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tó sọ ò pọ̀, ó ní, "Ìyá mi ni. Mo ti tọ́jú ìyá mi, mi ò bínú sẹ́nì kankan. Ìyàwó mi ló ń sunkún lóru."

Nígbà tá a bi Ẹ̀gbọ́n, ó fi WhatsApp rẹ̀ hàn wá. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí onítẹ̀wé fi ránṣẹ́ ní orúkọ Alhaji nínú. Àgbà ìjọ tó ń bójú tó ètò ìsìnkú ló kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọ́, pé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ̀gbọ́n ò jiyàn, ó yọ ọ́. A gbé e lọ bá Pásítọ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó pẹ́ kó tó gbójú sókè, ó ní ẹ̀dà méjèèjì dé ọ̀dọ̀ òun, òun rí i, òun ò sọ nǹkan kan. Àwa tá a fẹ́ là wọ́n níjà, ọwọ́ wa wà nínú ìjà náà látìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí dídìmọ́ra iwájú pẹpẹ ò fi lè ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹni tó ní kí wọ́n dì mọ́ra wọn ní tirẹ̀ láti bẹ̀ fún.

Sátidé kan lóṣù keje la wá jókòó, nínú yàrá ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, a ò lo inú ṣọ́ọ̀ṣì gangan. Alhaji wá, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n wá, Àbígbẹ̀yìn wà lórí fóònù tá a gbé ti ìgò omi. Pásítọ̀ ni kò jókòó sípò alága, òun ló kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ó dìde dúró, ó kọjú sí Alhaji, ó ní, "Mo rí i pé wọ́n yọ orúkọ yín, mo dákẹ́. Mo ṣẹ̀ yín, mo sì ṣẹ ìyàwó yín. Ẹ forí jì mí." Mi ò tíì rí pásítọ̀ tó bẹ Mùsùlùmí bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọ ìjọ rẹ̀ rí. Alhaji dìde, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó ní kó jókòó.

Òfin kan la fi lélẹ̀: tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ ẹnì kejì ò gbọdọ̀ já a, tó bá sọ tán, ẹnì kejì á kọ́kọ́ sọ ohun tó gbọ́ kó tó fèsì. Ó dà bí eré ọmọdé létí, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Àbúrò sọ tirẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, èmi tí mo ń nu ìgbẹ́ Màmá fọ́dún mẹ́fà, ẹ kọ mí sínú ìwé bí ọmọge." Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó ní mo kó owó jẹ." Bàbá ní rárá, kò tíì dárúkọ owó, kí ló sọ? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ náà tó lè ti ẹnu rẹ̀ jáde bó ṣe rí, nígbà tó sì jáde tán, ojú rẹ̀ yí padà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó bọ́ láìjẹ́ pé a rán an létí. Àbúrò kàn ń wò ó. Ó ní, "Láti oṣù kẹwàá, Bọ̀dá? Ẹ sì ń wọ aṣọ iṣẹ́ kọjá níwájú mi?" Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ Àbígbẹ̀yìn lọ́wọ́ níbẹ̀, nígbà tó padà wọlé ó bi wá pé kí ló dé tí gbogbo èèyàn ń sunkún.

Ìtúúbá ò rọrùn. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "tó bá jẹ́ pé mo ṣẹ̀ ẹ́," Bàbá ní kó yọ "tó bá jẹ́ pé" kúrò kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Nígbà tó kan Àbúrò, ó ní, "Mo mú ọlọ́pàá wá bá yín, kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n," Bàbá gbé ọwọ́ sókè, Àbúrò gbé ìyókù mì, a sì rí i pé ó ro ó lọ́nà ọ̀fun.

Ìgbà yẹn ló tó kan owó, tí ẹ bá sì rí i, kò gbà wá ju ìṣẹ́jú ogójì lọ. Arábìnrin wa ti to gbogbo risíìtì. Owó àwọn ọmọ jẹ́ 1,050,000, ti Àbúrò 225,000, owó ọrẹ 660,000, gbogbo ẹ̀ 1,935,000. Owó tó jáde 1,893,500. Ó ku 41,500 lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kó ìyẹn fún Àbúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n máa san 150,000 tó kù nínú ìpín rẹ̀, 15,000 lóṣù, oṣù mẹ́wàá. Àbígbẹ̀yìn ní òun á fi 33,500 tó kù ránṣẹ́, ó sì fi ránṣẹ́ kí á tó kúrò níjòókòó. A kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kálukú mú ẹ̀dà kan.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ó yanjú. Ẹ̀gbọ́n san oṣù mẹ́ta, kò san méjì, mo lọ bá a, ó ní ojú ń ti òun láti sọ pé òun ò ní. Mo ní kó pe Àbúrò kó sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀, ó pè é, ìyẹn sì ní kó máa mú un bọ̀ nígbà tó bá rí i. Ó ti ríṣẹ́ wíwa mọ́tò báyìí, ó ti san oṣù méje, 105,000. Ọmọ Àbúrò kan ti padà sí kúáyà, èkejì ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, kò sì ní padà. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò ń kíra wọn, ìkíni náà ò tíì gùn. Àgbà ìjọ tó ní kí wọ́n yọ orúkọ yẹn ò tíì bẹ ẹnikẹ́ni títí dòní, ó ní òfin ìjọ lòun tẹ̀ lé. Pásítọ̀ ti kéde pé kò sírú òfin bẹ́ẹ̀, pé ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ọkọ tàbí aya ọmọ olóògbé, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe ìrántí ọdún kan Màmá. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú rẹ̀ mo wà nídìí àtẹ Àbúrò ní Olúwo nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé, ìwé ètò wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ní, "Wò ó fún mi kí n tó dá a padà fún wọn." Àbúrò nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ épírọ̀nù, ó gbà á, ó ń kà á láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n fún òun ní bírò. Lẹ́tà kan ni wọ́n ṣì kọ nínú orúkọ Alhaji, ó fà á, ó kọ èyí tó tọ́ sókè rẹ̀, ó dá ìwé náà padà fún un, ó sì bi í pé ẹja mélòó ló máa mú lọ fún ìyàwó rẹ̀.